Ẹ̀jẹ̀ Ìkejì Rẹ̀

Ẹ̀jẹ̀ ẹlòmíràn ni wọ́n ń yẹ̀ wò ní gbogbo àsìkò tí ọpọlọ àbúrò mi fi ń bàjẹ́.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí, nítorí àwọn tó ṣe é fẹ́ràn kí ọ̀rọ̀ náà díjú. Ìbejì ni àbúrò mi. Èmi ni mo ṣáájú wọn, obìnrin sì ni àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Kí ẹ má baà mú ọ̀kan fún èkejì, bí àwọn kan tí ìjọba ń sanwó oṣù fún ti ṣe, màá máa pe èyí tí àìsàn dé bá ní aránṣọ, màá sì máa pe ìkejì rẹ̀ ní elépo, torí iṣẹ́ tí kálukú wọn ń ṣe nìyẹn. Elépo ń ta epo pupa ní Adja-Ouèrè. Ilé ọkọ rẹ̀ súnmọ́ ilé ìwòsàn ìlú débi pé, bí wọ́n bá ń ṣí ilẹ̀kùn ibẹ̀ láàárọ̀, ó ń gbọ́ ọ. Aránṣọ ń gbé ní Tatonnonkon lọ́dọ̀ ìyá wa, ó ń ránṣọ fún gbogbo abúlé títí ẹsẹ̀ rẹ̀ fi kọ̀ láti tẹ ẹ̀rọ. Èmi ń kọ́ àwọn ọmọ iléèwé ní ẹ̀kọ́ nípa ohun ẹlẹ́mìí ní Àjàṣẹ́. Mo sọ ìyẹn nítorí pé àwọn ọ̀gá tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ wọn yìí máa ń bá mi sọ̀rọ̀ bí ẹni tí kò mọ ohun tí ẹ̀jẹ̀ ń jẹ́.

Ẹsẹ̀ aránṣọ ló kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ sí kú mọ́ ọn lábẹ́. Lẹ́yìn náà ojú kan ṣú, ó tún là. Ní Kútọnu, wọ́n fi ẹ̀rọ ya àwòrán ọpọlọ rẹ̀, dókítà ọpọlọ sì dárúkọ àìsàn náà fún wa lédè Faransé: sẹkilẹróòsì. Àwọn ọmọ ogun tó yẹ kó máa ṣọ́ ara ló dojú ìjà kọ ara fúnra rẹ̀. Wọ́n ń họ awọ tó bo àwọn okùn tí ọpọlọ fi ń ránṣẹ́ sí ẹsẹ̀, sí ọwọ́, sí ojú. Ìyá mi béèrè bóyá ó lóògùn. Dókítà ní ó lóògùn, pé lóṣooṣù ni àwọn yóò máa fi omi fà á sínú iṣan apá rẹ̀, àti pé oògùn náà yóò dí ojú ọ̀nà mọ́ àwọn ọmọ ogun náà kí wọ́n má lè wọ inú ọpọlọ mọ́.

Dókítà yìí ṣàlàyé ewu rẹ̀ fún mi dáadáa, n kò ní purọ́ mọ́ ọn. Ó ní kòkòrò àìfojúrí kan wà tó ń sùn lára ọ̀pọ̀ nínú wa látìgbà èwe, tí kì í ṣe ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan, torí pé àwọn ọmọ ogun ara ń ṣọ́ ọ. Ṣùgbọ́n tí oògùn bá ti lé ẹ̀ṣọ́ kúrò lẹ́nu ọ̀nà ọpọlọ, kòkòrò náà lè dìde, kó gòkè lọ, kó máa jẹ ọpọlọ bí ikán ṣe ń jẹ igi àjà, láìsí ibà, láìsí orí fífọ́. Nítorí náà, wọ́n gbọ́dọ̀ máa fa ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kí oògùn oṣù kọ̀ọ̀kan tó wọlé. Ohun méjì ni wọ́n ń wá nínú ẹ̀jẹ̀ náà. Àkọ́kọ́ ni àmì pé ara ti bá kòkòrò náà pàdé. Èkejì ni àwọn fọ́nrán tín-ín-tìn-ìn-tín tó máa ń já bọ́ sínú ẹ̀jẹ̀ nígbà tí nǹkan bá ń jẹ okùn ọpọlọ. Bí fọ́nrán náà bá ti ń pọ̀ sí i, wọ́n á dá oògùn dúró lójú ẹsẹ̀.

“Ẹ fọkàn balẹ̀, Màdáámù,” ó wí. “Kí nǹkan tó bàjẹ́, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ á ti ta wá lólobó.”

Mo fọkàn balẹ̀. Kí ni ǹ bá ṣe?

Láti má jẹ́ kí aláìsàn máa rìn lọ rìn bọ̀ sí Kútọnu lẹ́ẹ̀mejì lóṣù, wọ́n gbé iṣẹ́ fífa ẹ̀jẹ̀ náà fún ilé ìwòsàn Adja-Ouèrè. Ọ̀gá àwọn nọ́ọ̀sì ibẹ̀, tí gbogbo ìlú ń pè ní Majọ̀, ni yóò máa fà á, tí yóò máa gbé e sínú àpótí yìnyín, títí ọkọ̀ yóò fi wá gbé e. Àwọn elétò, ìyẹn àwọn tó ń darí ètò ìtọ́jú náà, mọ̀ pé tí òjò bá dé, ojú ọ̀nà Tatonnonkon á di ẹrẹ̀, pé ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kú kò lè jókòó lẹ́yìn zẹ́mìjàn, alùpùpù akérò. Wọ́n wá fún Majọ̀ ní alùpùpù tuntun, pé kó máa fi lọ bá aláìsàn nílé. Mo rí alùpùpù náà dáadáa. Ìgbà tí mo rí i gbẹ̀yìn, ní Massè ni, níwájú oko Majọ̀ fúnra rẹ̀, igi ẹ̀gẹ́ tí ó fẹ́ lọ gbìn wà lẹ́yìn rẹ̀ ní ìdì gàgàrà, àwòrán ètò ìtọ́jú náà sì ń dán lára táńkì rẹ̀. Majọ̀ wà lábẹ́ ọ̀pẹ, ó ń mu ẹmu, ó sì kí mi tayọ̀tayọ̀.

Mo ní láti sọ bí a ṣe ń tọ́ ìbejì nílé wa, torí ibẹ̀ ni ọ̀gbẹ́ni náà ti rí àwáwí rẹ̀. Mùsùlùmí ni bàbá wa, kò gba ìbejì bíbọ láyè, ṣùgbọ́n ohun kan kò yí padà: ohun tí a bá ṣe fún ọ̀kan, a gbọ́dọ̀ ṣe é fún èkejì. Àlejò tó bá mú ìró kan ṣoṣo wá, ìyá mi á dúpẹ́, á sì ká a sínú àpótí títí tí yóò fi rí irú rẹ̀ rà. Tí ibà bá mú aránṣọ, elépo náà á mu àgbo. Elépo kò ní nǹkan kan tó ń ṣe é, ojú rẹ̀ á wá rọ́ pọ̀ nítorí kíkorò, aránṣọ tí ara ń gbóná á sì máa fi ṣe yẹ̀yẹ́. Lọ́jọ́ kan tí wọ́n fún elépo lábẹ́rẹ́ nítorí ọgbẹ́, aránṣọ sunkún débi pé nọ́ọ̀sì ayé ìgbà yẹn fi òwú tútù nu apá tirẹ̀ náà kó lè dákẹ́. Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Kò sẹ́ni tó rò pé òwú tútù yẹn wo ẹnikẹ́ni sàn. Ìfẹ́ ni. Nọ́ọ̀sì yẹn mọ ìyàtọ̀ láàárín kí èèyàn pẹ̀tù sí ọmọdé lọ́kàn àti kí ó ṣe iṣẹ́ rẹ̀.

Òjò dé. Àwọn zẹ́mìjàn kọ̀ láti gbé aránṣọ, wọ́n ní tó bá já bọ́, ta ni yóò dáhùn? Agbára èmi náà kò ju ọkọ̀ tí mo ń háyà gbé e lọ sí Kútọnu lọ́jọ́ oògùn lọ. Ìyá mi ránṣẹ́ sí Majọ̀ pé ọmọ òun kò lè wá, kó jọ̀ọ́ kó máa bọ̀. Iṣẹ́ rẹ̀ gan-an nìyẹn. Torí rẹ̀ ni wọ́n ṣe fún un ní alùpùpù. Majọ̀ ránṣẹ́ padà pé kí ìyá má ṣèyọnu, pé ìkejì rẹ̀ kò kúkú jìnnà, kí ó yà wá. Elépo yà. Majọ̀ fa ẹ̀jẹ̀ elépo, ó kọ orúkọ aránṣọ sára ìgò rẹ̀, ó gbé e sínú yìnyín, ó lọ sóko. Oṣù tó tẹ̀lé e, bákan náà. Òjò dá, ojú ọ̀nà gbẹ, Majọ̀ kò yí padà, torí ó ti rọ̀ ọ́ lọ́rùn.

Elépo kò mọ ohun tí wọ́n ń wá nínú ẹ̀jẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò sọ fún un. Òun gbà pé wọ́n ń fa ẹ̀jẹ̀ òun lọ fún ìkejì òun ni, pé ara aránṣọ ni wọ́n ń dà á sí ní Kútọnu. Ó bẹ̀rẹ̀ sí ra ẹ̀dọ̀ màlúù jẹ kí ẹ̀jẹ̀ náà lè dára. Kò sọ fún mi, torí lójú tirẹ̀, ohun tí èèyàn bá fún ìkejì rẹ̀ kì í ṣe ohun à ń ròyìn.

Ẹ̀jẹ̀ náà dára lóòótọ́. Èsì ń jáde, dókítà ní Kútọnu ń yọ̀. Kò sí àmì kòkòrò, fọ́nrán kò tó nǹkan. Ó pè mí lórí fóònù pé òun kò tíì rí aláìsàn tí oògùn náà bá lára mu tó báyìí. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, ní Tatonnonkon, aránṣọ ń fọwọ́ rán apá aṣọ mọ́ ọrùn. Ó ń jẹun tó wà lápá ọ̀tún àwo, ó ń fi tòsì sílẹ̀, á sì máa béèrè ìdí tí oúnjẹ òun fi kéré. Èjìká òsì rẹ̀ ń kọlu òpó ilẹ̀kùn tí ó ti ń gbà kọjá látìgbà tó ti ń rá. Ọ̀rọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí sá mọ́ ọn lẹ́nu. Ó ń pe abẹ́rẹ́ ní “nǹkan tó ń gún nì”. Ìyá mi pè mí, mo wá, mo rí i fúnra mi. Mo gbé fóònù, mo sọ gbogbo rẹ̀ fún dókítà, àwo, òpó, abẹ́rẹ́, n kò fi ọ̀kan sílẹ̀.

Ó gbọ́ mi tán. Ó ní àìsàn náà ló tún yọjú díẹ̀, òun á fi oògùn mìíràn kún un. Mo bi í bóyá kì í ṣe kòkòrò tó sọ fún mi nìyẹn.

“Ẹ̀jẹ̀ kì í purọ́, Màdáámù,” ó wí.

Kò purọ́ rárá. Òótọ́ elépo ló ń sọ fún un lóṣooṣù, pé ara rẹ̀ le, pé ó ń jẹ ẹ̀dọ̀. Dókítà tí ó ní èèyàn níwájú tí ó ń kọlu ilẹ̀kùn, tí ó ní èsì kan lórí kọ̀ǹpútà tí ó sọ pé kò sí ohun tó ń ṣe ẹni náà, tí kò bi ara rẹ̀ léèrè bí méjèèjì ṣe lè jẹ́ ti ẹnì kan náà, n kò mọ ohun tí ó lọ kọ́ ní ilẹ̀ òkèèrè fún gbogbo ọdún yẹn. Ó sì ń rí i lóṣooṣù, tí a bá lè pe ìyẹn ní rírí. Lọ́jọ́ oògùn, ó máa ń dúró sẹ́nu ọ̀nà yàrá, yóò nawọ́ sí ìbùsùn kọ̀ọ̀kan, yóò béèrè lédè Faransé bóyá dáadáa ni. Aránṣọ á dáhùn pé dáadáa ni, torí ìdáhùn kan ṣoṣo tí ó mọ̀ sí ìbéèrè yẹn lédè Faransé nìyẹn. Dókítà á ní ó dára, á lọ. Wọ́n á sì tún fa oògùn náà sí i lára.

Ní òwúrọ̀ kan aránṣọ ṣubú nínú àgbàlá, kò sì mọ bí wọ́n ṣe ń dìde mọ́. A gbé e lọ sí Kútọnu. Elépo ti ìsọ̀ rẹ̀, ó tẹ̀ lé wa, torí a nílò ẹni tí yóò máa dì í mú nínú ọkọ̀. Nígbà tí a débẹ̀, tí wọ́n tẹ́ aránṣọ sórí ìbùsùn, nọ́ọ̀sì ọ̀dọ́ kan wọlé pẹ̀lú abẹ́rẹ́ àti okùn ìdìpá, ó ní òun fẹ́ fa ẹ̀jẹ̀. Kí èmi tó mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀, elépo ti jókòó sétí ìbùsùn, ó ti ká apá aṣọ rẹ̀ sókè, ó sì na apá sí i.

Nọ́ọ̀sì náà rẹ́rìn-ín. “Ìyá, aláìsàn ni mo fẹ́.”

“Mo mọ̀,” elépo wí. “Ẹ fà á. Èmi ni mo máa ń fún un.”

“Ẹ máa ń fún un ní kí?”

“Ẹ̀jẹ̀. Majọ̀ wa ló máa ń fà á lára mi.” Ó wo ojú nọ́ọ̀sì, ó wo ojú mi. “Òun náà ẹ wò ó, ibo ló ti fẹ́ rí ẹ̀jẹ̀ tí yóò tó?”

Mo bi í pé láti ìgbà wo. Ó ní látìgbà òjò èṣí. Mo bi í bóyá wọ́n tilẹ̀ fa ti aránṣọ fúnra rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan láti ìgbà náà. Ó ní rárá, pé ẹsẹ̀ rẹ̀ kò gbé e. Ó rí bí ojú mi ṣe rí, ohùn rẹ̀ sì lọ sílẹ̀.

“Ẹ̀gbọ́n, ṣé kò tó ni?”

Mo fa apá aṣọ rẹ̀ wálẹ̀ fún un.

Wọ́n pe dókítà. Ó dé, ó gbọ́, ó wo kọ̀ǹpútà rẹ̀ bí ẹni pé òun ló jẹ̀bi. Ó wá sọ fún mi pé ọ̀rọ̀ náà “kò bójú mu tó”. Ọ̀rọ̀ tó rí lò nìyẹn, irú ọ̀rọ̀ tí èèyàn ń lò tí àlejò bá gbàgbé láti bọ́ bàtà. Wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ aránṣọ, tirẹ̀ gan-an lọ́tẹ̀ yìí. Àmì kòkòrò wà níbẹ̀ rẹpẹtẹ, fọ́nrán sì ti pọ̀ kọjá ohun tí wọ́n lè fẹnu sọ fún mi láìwolẹ̀. Wọ́n fa omi inú ọ̀pá ẹ̀yìn rẹ̀, kòkòrò náà wà nínú rẹ̀. Lórí àwòrán ọpọlọ, funfun kan ti tàn kálẹ̀ lápá ẹ̀yìn bí omi ìrẹsì tó dà sórí aṣọ. Wọ́n dá oògùn dúró, wọ́n fi ẹ̀rọ fọ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kí èyí tó kù lára lè jáde. Nígbà tí ojú ọ̀nà là, àwọn ọmọ ogun ara ya wọ inú ọpọlọ lẹ́ẹ̀kan náà, ọpọlọ wú, aránṣọ sì sùn lọ débi tí a fi rò pé kò ní jí mọ́.

Ó jí. Apá òsì ayé ti pòórá lójú rẹ̀. Ó mọ̀ wá, ó ń rẹ́rìn-ín sí wa, ṣùgbọ́n tó bá fẹ́ sọ̀rọ̀, ìdajì ni yóò jáde, ìyókù á há, omijé á sì máa bọ́ lójú rẹ̀ nítorí ó mọ ohun tí ó fẹ́ sọ. Ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ wà níbẹ̀, aṣọ àwọn èèyàn tí kò tíì rán tán wà lórí rẹ̀. Dókítà náà sọ fún mi fúnra rẹ̀ pé ká ní wọ́n dá oògùn dúró nígbà tí ọ̀rọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń sá mọ́ ọn lẹ́nu, ó ṣeé ṣe kí èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ má ṣẹlẹ̀. Mo ní kí ló dé tí wọn kò fa ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ níbí, lọ́jọ́ oògùn, nígbà tí abẹ́rẹ́ ti wà nínú iṣan rẹ̀ tẹ́lẹ̀, kí wọ́n fi yẹ ti oṣù tó ń bọ̀ wò. Ó ní ètò kò là á sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Mo lọ bá Majọ̀. Ó wà ní ìloro ilé ìwòsàn, ó ń fi igi ta eyín. Ó kí mi káàbọ̀, ó ní kí wọ́n bu omi fún mi. Mo ní n kò mu omi, pé ẹ̀jẹ̀ ta ni ó ń fi ránṣẹ́ sí Kútọnu.

“Ti àbúrò yín.”

“Àbúrò mi wo?”

Ó rẹ́rìn-ín bí ẹni tó ń ṣàánú mi. “Ẹ̀yin tẹ́ ẹ kàwé tó báyìí, Màdáámù. Ṣé ìbejì kọ́ ni wọ́n? Inú kan, ẹ̀jẹ̀ kan.”

Mo bi í pé nígbà tí elépo bímọ, ṣé ó wá gbẹ̀bí aránṣọ náà. Àwọn aláboyún tó jókòó sórí bẹ́ǹṣì ń wojú ara wọn, ọ̀kan rẹ́rìn-ín sínú ìborùn rẹ̀. Mo bi í pé tí elépo bá yó, ṣé ó máa ń kọ̀wé pé aránṣọ ti jẹun. Kò rẹ́rìn-ín mọ́. Ó ní kí n má wá tàbùkù òun níwájú àwọn aláìsàn òun, pé òun ti ń ṣiṣẹ́ yìí kí n tó parí iléèwé, pé ojú ọ̀nà kò dára, pé ìdílé wa náà ló gbà. Ó wá sọ èyí tí n kò lè gbàgbé:

“Àti pé, Màdáámù, kò kúkú sẹ́ni tó kú.”

Ìyá mi lè gbà pé ẹ̀jẹ̀ kan náà ni. Kò jókòó ní kíláàsì rí, kò sì sẹ́ni tó gbé abẹ́rẹ́ lé e lọ́wọ́. Ọkùnrin yìí ní ìwé ẹ̀rí ìjọba lára ògiri rẹ̀, nínú gíláàsì. Kì í tilẹ̀ ṣe pé ó gba ohun tó sọ yẹn gbọ́. Ká ní ó gbà á gbọ́, kì bá ti kọ orúkọ aránṣọ sára ìgò, ì bá kọ tẹni tí ó fà á lára rẹ̀, torí pé kò ní sí ìyàtọ̀. Ó mọ̀. Ó fi ìfẹ́ tó wà nílé wa bo ọ̀lẹ rẹ̀ mọ́lẹ̀ ni.

Ní báyìí, àwọn elétò náà ti ṣèpàdé. Dókítà ní orúkọ tó wà lára ìgò ni òun tẹ̀ lé. Ọ̀gá àwọn elétò ní àwọn ti kọ́ Majọ̀ níṣẹ́. Ilé ìwòsàn Adja-Ouèrè ní òjò ni. Nígbà tí wọ́n ti gbé e yí ara wọn ká tán, wọ́n ránṣẹ́ sí wa pé lójú àwọn, “ìdílé ló pààrọ̀ ẹ̀jẹ̀ náà”. Elépo ni wọ́n ń wí. Obìnrin tó ń jẹ ẹ̀dọ̀ kí ìkejì rẹ̀ lè yè, òun ni wọ́n fẹ́ dá ẹ̀bi lé lórí. Ó ti gbọ́. Kò lọ sọ́jà mọ́, ó ń jókòó ti aránṣọ ní Tatonnonkon, ó ń bu oúnjẹ sápá ọ̀tún àwo fún un, kò sì lè wo ojú rẹ̀.

Nítorí náà, ẹ̀yin ni mò ń bi. Majọ̀, ta ló ní kí o máa pe ẹni tí kò ṣàìsàn wá fa ẹ̀jẹ̀, nígbà tí alùpùpù tí wọ́n fún ọ wà nínú oko rẹ? Dókítà, lọ́jọ́ tí mo pè ọ́ lórí fóònù tí mo sọ ti àwo àti ti òpó ilẹ̀kùn fún ọ, kí ló dí ọ lọ́wọ́ láti ní kí wọ́n tún ẹ̀jẹ̀ fà níṣojú rẹ kí o tó fi oògùn mìíràn sí i? Ẹ̀yin ọ̀gá elétò, ta nínú yín ló gun ojú ọ̀nà Tatonnonkon rí láti wò bóyá ẹni tí ẹ̀ ń tọ́jú ni ẹ̀ ń fà lẹ́jẹ̀? Ta ni yóò wá sílé wa, tí yóò jókòó síwájú elépo, tí yóò sọ fún un lójú gbogbo wa pé kì í ṣe òun? Kò sì tán síbẹ̀, torí àbúrò mi nìkan kọ́ ni ẹ̀ ń fà lẹ́jẹ̀ ní àgbègbè yìí. Àwọn ìgò tó wà nínú àpótí yìnyín yín láàárọ̀ yìí, ẹ̀jẹ̀ ta ni? Ẹ dá mi lóhùn kí ẹ tó fa oògùn sí ẹnikẹ́ni lára mọ́.